Kẹ́hìndé Ní Kí N Kọ́kọ́ Gun Bààlúù Wò

Ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń dá mi dúró lójú ọ̀nà Sábó láti ìgbà tí mo ti dé, pé kí n sọ bí ojú ọ̀run ti rí, ẹ wá jókòó kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ẹnu ti rẹ̀ mí. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ kiri pé mo na ọwọ́ mú ìkùukùu, pé mo tilẹ̀ bù díẹ̀ sápò. Irọ́ ni. Fèrèsé bààlúù kì í ṣí. Ẹni tó bá sì tún sọ fún yín pé mo rí màláíkà lókè, ẹ bi í pé irú aṣọ wo ni màláíkà náà wọ̀. Aránṣọ ni mí, n kò lè rí i kí n gbàgbé.

Kì í ṣe fàájì ló gbé mi lọ. Kẹ́hìndé ló rán mi.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé àwa ni ìbejì tó ń ránṣọ nísàlẹ̀ Sábó, tí ọ̀kan ń yí ọwọ́ máṣíìnì tí èkejì ń darí aṣọ. Èmi ni mo ń yí ọwọ́. Kẹ́hìndé ló ń darí, nítorí òun ni ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo kọ́kọ́ jáde. Ẹ̀gbọ́n ló ń rán àbúrò níṣẹ́. Kẹ́hìndé ló ní kí n ṣíwájú lọ tọ́ ayé wò kí òun tó wá, láti ọjọ́ náà ni kò sì ti yéé rán mi. Bí a bá fẹ́ la odò, èmi ni n óò kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ọbẹ̀ bá wà lórí iná, èmi ni n óò fi ahọ́n kàn án. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá gún wa lábẹ́rẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ó tì mí síwájú, ó ní, "Lọ, kó o wá sọ fún mi bó bá ń dunni."

Lọ́dún tó kọjá ni Bọ̀ọ̀dá Lásísì, ọmọ Ẹdẹ tó ń tún rédíò ṣe ní Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà, wá fẹ́ Kẹ́hìndé. Wọ́n so yìgì, ó sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ó ní bí òun bá ti rí yàrá tó dára òun á ránṣẹ́. Nígbà tí iṣẹ́ náà dé, ìyá wa ló kọ́kọ́ kọ̀. Nínú lọ́rì, lójú ọ̀nà Gánà yẹn kan náà, ni bàbá wa kú sí nígbà tí a wà ní kékeré. Ìyá ní lọ́rì ti gba tirẹ̀ lọ́wọ́ òun, kò ní gba méjì. Bọ̀ọ̀dá Lásísì ní kò burú, bààlúù ni ìyàwó òun yóò wọ̀.

Kẹ́hìndé gbọ́. Ó wo òkè, ó wò mí.

"Táíwò, ìwọ ni wàá kọ́kọ́ lọ."

"Lọ síbo? Ṣé èmi ni wọ́n fẹ́ ni?"

"Lọ wò ó wá. Wo bààlúù náà. Wo ilé. Wo ọkùnrin náà nílé ara ẹ̀, torí ní Ifẹ̀ níbí, ilé àna ló wà, kò sẹ́ni tó ń ṣe wèrè nílé àna. Bó o bá ní ayé ibẹ̀ dáa, mo lọ nìyẹn. Bó o bá ní kò dáa, wọ́n á bá mi tú yìgì náà."

Bọ̀ọ̀dá Lásísì rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ ìbejì kò gbọdọ̀ ya ahun, kí n máa bọ̀. Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí a rán.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó béèrè ohun tó wà nínú tèmi. Láti inú oyún, èmi àti Kẹ́hìndé kò tí ì sun yàrá ọ̀tọ̀ rí. Bí mo bá lọ, tí mo dé, tí mo ní ó dára, ó ń lọ nìyẹn, yóò sì ku èmi nìkan nídìí máṣíìnì. Nítorí náà, mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run kí bààlúù má jábọ́, mo sì ń tọrọ kí nǹkan kan, ohun kékeré kan péré, ti bà jẹ́ ní Kùmásì kí n tó débẹ̀. Lẹ́yìn ìrun kan náà ni mo ń tọrọ méjèèjì.

*Orí ìwọ̀n*

Ní pápá bààlúù Ìbàdàn, wọ́n wọn àpótí mi. Ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọkùnrin tó wọn àpótí náà tún ní kí èmi náà gun orí ìwọ̀n. Ìyá wa, tó sìn mí débẹ̀, bọ́ síwájú.

"Ẹ má wọn ọmọ mi o! Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni?"

"Màmá, gbogbo èrò la ń wọ̀n. Ọkọ̀ kékeré ni. A gbọ́dọ̀ mọ bí gbogbo yín ṣe wúwo tó kó tó gbéra."

Kọngílá kan wà níwájú mi, ọkùnrin ńlá nínú agbádá. Ó gun ìwọ̀n náà, ó fa ikùn sínú, ó sé èémí, bí ẹni pé ikùn tí a bá fà sínú ti kúrò lórí ìwọ̀n nìyẹn. A fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Nígbà tó kàn mí, ìyá di ọwọ́ ọkùnrin tó ń wọ̀n wá mú.

"Ó dáa, wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n má pe nọ́ńbà ẹ̀ sókè. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ."

Ọkùnrin náà jẹ́ ọmọlúàbí. Ó wò ó, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bò ó, kò sọ nǹkan kan. Títí di òní n kò mọ bí mo ṣe wúwo tó, ìyá ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí bààlúù náà ṣe rí. Ó jókòó lé ìdí rẹ̀ bí ajá, ó gbé imú sókè. Ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà, bí ẹ bá sì ti wọlé, òkè ni ẹ óò máa gùn dé ibi ìjókòó yín, kí ẹ máa di àga mú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gun òkè lẹ́yìn òjò. Wọ́n fún wa ní òwú kí a fi dí etí. Lẹ́yìn náà ni abẹ̀bẹ̀ irin tó wà ní apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, èéfín sọ, ti apá òsì tẹ̀ lé e, gbogbo ara mi sì ń gbọ̀n títí dé eyín. Bàbá Alàájì kan tó jókòó tì mí, ọmọ Ìwó tó ti ń ṣòwò ní Àkrá tipẹ́, ń fi tẹ̀súbáà rẹ̀ ka Ọlọ́run. Mo bi í bóyá nǹkan ti bà jẹ́. Ó ní rárá, bó ṣe máa ń kígbe nìyẹn, ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí n tó bẹ̀rù.

Ọkọ̀ sáré. Bó ti ń sáré ni ìdí rẹ̀ gbéra nílẹ̀, ilẹ̀ inú ọkọ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ̀gbà tí a fi ilẹ̀ sílẹ̀. Mo ṣáà wo ìta, mo rí òrùlé páànù Ìbàdàn, gbogbo rẹ̀ dípẹtà pátá, ẹnikẹ́ni kò sì ga ju ẹnikẹ́ni lọ mọ́. Ilé olówó àti ilé tálákà, páànù dípẹtà kan náà ni. Inú mi dùn, mo sì yíjú sí apá ọ̀tún kí n fi han Kẹ́hìndé. Bàbá Alàájì ni mo bá níbẹ̀.

*Méjì-méjì*

A bọ́ sílẹ̀ ní Èkó, a tún gbéra. Nígbà náà ni ọ̀dọ́bìnrin tó ń tọ́jú èrò gbé àwo súìtì dé. Ọmọ Àkrá ni, ó wọ fìlà kékeré kan tó dá lé ẹ̀gbẹ́ orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì dúró gbọn-in nínú ọkọ̀ tó ń mì jìgìjìgì. Súìtì náà wà fún etí, kí ó má baà dí. Olúkúlùkù mú ẹyọ kan. Èmi mú méjì. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó kọjá.

Ó padà wá pẹ̀lú tíì. Mo ní kó fún mi ní ife méjì. Ó ní ife kan ni ti ẹnì kan. Ìwé mẹ́fà tí mo kà wá wúlò lọ́jọ́ náà: mo sọ fún un lédè òyìnbó pé àwa méjì ni. Ó wo Bàbá Alàájì. Bàbá Alàájì gbé ife tirẹ̀ sókè kó rí i.

"Ọ̀kan tèmi," ni mo ní, "ọ̀kan ti ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ̀gbọ́n yín dà?"

"Ó wà ní Ilé-Ifẹ̀."

Àwọn tó wà níwájú yí ọrùn padà. Ojú ọ̀dọ́bìnrin náà le. Ó ṣe kedere pé ó ti rí irú àwọn ọ̀jẹun báyìí rí, tí wọ́n ń fi ẹni tí kò sí nílé gba oúnjẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀jẹun. Láti ọjọ́ tí a ti dáyé, ohun tí a bá fún èmi, a ó fún Kẹ́hìndé. Èwo ni kí n wá dá mu tíì lókè ọ̀run? Bàbá Alàájì ló gbà mí.

"Ìbejì ni, ọmọ mi," ó sọ fún un. "Bí wọ́n bá fún ọ̀kan, wọ́n á fún èkejì. Bí wọn ò bá fún un..." Ó wo fèrèsé, níbi tí kò ti sí nǹkan kan lábẹ́ wa àfi òkun. "Ṣé o rí ibi tá a wà yìí?"

Kọngílá tó fa ikùn lórí ìwọ̀n ló kọ́kọ́ pariwo. "Ẹ fún un! Ẹ fún un kíákíá! Ẹ fún un ní tèmi!" Ni gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà nínú ọkọ̀ bá gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní nílé àwọn náà, ẹnikẹ́ni kì í bá ìbejì ṣàwàdà. Láti ìgbà náà, méjì-méjì ni gbogbo nǹkan ń wá: ife méjì, bisikíìtì méjì, àwo méjì. Súìtì ṣeé fi pamọ́, ṣùgbọ́n tíì kò ṣeé gbé lọ sí Ifẹ̀, nítorí náà mo mu ti àwa méjèèjì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tí mo fi ń di àga mú dé ilé ìtọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ọkọ̀, n kò ní sọ ọ́ níbí.

Ọ̀nà òfuurufú náà ní kòtò. Ọkọ̀ á ṣàdéédéé jábọ́ díẹ̀, ikùn á ṣẹ́kù sókè. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo ti gbé láti Ifẹ̀ ti lọ. Mo gbé iwájú orí lé fèrèsé, mo ń wo etí òkun bó ṣe funfun gbọọrọ, bí léèsì tí a gbá mọ́ etí ìró, kò já níbì kankan títí tí a fi dé Àkrá. Mo sọ ọ́ sọ́kàn pé bààlúù dára. Ìdá kan nínú mẹ́ta iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ti parí, kò sì lọ bí mo ṣe fẹ́.

*Àjèjì*

Ní Àkrá, ilé Bàbá Alàájì ni mo sùn. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ìmọ̀ ènìyàn kì í bá a wọ bààlúù. Ní Ifẹ̀ mo jẹ́ ọlọ́gbọ́n díẹ̀, ẹ ó jẹ́rìí mi. Ní Àkrá, ọmọdé ló ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń jẹun. Wọ́n gbé kẹ́ńkè wá, àgbàdo tí wọ́n fi ewé àgbàdo wé, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata dúdú kan tó ta dé orí. Kẹ́ńkè náà kan. Mo rò pé ó ti bà jẹ́, mo rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n má baà dójú ti ìyàwó Bàbá Alàájì. Ó rí mi. Ó ní, "Bó ṣe yẹ kó kan nìyẹn, jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta." Mo jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo béèrè bóyá ó kù.

Ìkíni ló tún wá fi mí ṣẹ̀sín. Mo ń kúnlẹ̀ fún gbogbo àgbàlagbà tí mo bá pàdé, bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Àwọn ìyá ọlọ́jà ibẹ̀ ń fà mí sókè pẹ̀lú ìpayà. Ọ̀kan sáré bu omi wá, ó rò pé òòyì ló kọ́ mi. Ọwọ́ ni wọ́n máa ń bọ̀ níbẹ̀, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, ọmọdé pẹ̀lú àgbà. Mo ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, orúnkún mi sì ń tẹ̀ fúnra rẹ̀ lábẹ́ aṣọ.

*Kùmásì*

Láti Àkrá lọ sí Kùmásì, igbó ni ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A bọ́ sílẹ̀ lọ́sàn-án. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, nítorí ojú ń kán mi. Kí n tó tẹ ilẹ̀ dáadáa ni ọkùnrin kan lẹ́yìn ọgbà wáyà gbé ọwọ́ sókè.

"Táíwò! Táíwò o! Káàbọ̀!"

Bọ̀ọ̀dá Lásísì ni. Ẹ ó rántí pé ìró tí mo wọ̀, Kẹ́hìndé ní irú rẹ̀. Gèlè náà, ó ní irú rẹ̀. Ojú, imú, ilà, ọ̀kan náà ni. Àǹtí wa tó ń gbé ilé kejì ṣì máa ń jẹ mí níyà fún ẹ̀ṣẹ̀ Kẹ́hìndé. Ìyá wa nìkan ni kì í ṣì wá mọ̀. Ọkùnrin yìí wò mí láti ìdí wáyà, kò sì ṣiyè méjì.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé èmi ni, Bọ̀ọ̀dá?"

"Bó o ṣe sọ̀kalẹ̀ ni. Kẹ́hìndé ò ní sáré sọ̀ báyẹn. Á kọ́kọ́ dúró lókè àtẹ̀gùn, á wo ilẹ̀ bóyá ilẹ̀ ni lóòótọ́."

Òtítọ́ ni, Kẹ́hìndé gan-an nìyẹn. Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó bá ti wo ènìyàn dé bẹ́ẹ̀, níbo ni n óò ti rí àléébù rẹ̀?

Ilé tó ń gbé, ti ìyá arúgbó ará Aṣanti kan ni, Máàmè Akosúà. Ó gbọ́ Yorùbá díẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ Alátà, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, ti háyà yàrá lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fún mi ní àga. Wọ́n fún mi ní omi. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, Bọ̀ọ̀dá Lásísì ṣẹ́jú sí mi pé kí n dúró. Nílẹ̀ Aṣanti, àlejò gbọ́dọ̀ jókòó, kó mu omi, kí àyà rẹ̀ wálẹ̀, kí wọ́n tó béèrè ohun tó bá wá. Nígbà tí mo mu omi tán, gbogbo ará ilé ti jókòó yí mi ká. Máàmè ṣe bí ọba.

"Ibí yìí, àlàáfíà ni. Ìwọ, kí lo bá wá?"

Kò sí ẹni tó béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló rán mi," ni mo wí. "Ó ní kí n wò ó bóyá ayé ibí dára kí òun tó wá."

Bọ̀ọ̀dá Lásísì túmọ̀ rẹ̀. Mo rò pé wọn yóò bínú, pé ta ni mo jẹ́ tí mo wá ń yẹ ilé onílé wò. Máàmè kan orí rọra. Ó dìde, ó mú mi lọ́wọ́, ó ṣí ilé ìdáná fún mi, ó ṣí ìkòkò, ó ṣí ilé ìwẹ̀, ó fi kànga hàn mí, ó tilẹ̀ ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibùsùn. "Wo gbogbo ẹ̀," ó ní. "Má tijú."

Bọ̀ọ̀dá Lásísì wá ṣí yàrá tirẹ̀. Ó ti kun ún ní funfun. Ibùsùn wà, tábìlì wà. Lábẹ́ fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ni máṣíìnì ìránṣọ kan wà tí ó fi aṣọ bò. Ó ká aṣọ náà kúrò.

Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni. Mo jókòó sí i. Mo gbé ẹsẹ̀ lé pátákó ìsàlẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́, ó sì ń lọ wẹ́rẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì wà lófìfo láti darí aṣọ. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń lò ó. Kò sí ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí.

"Mo rò ó pé," ni Bọ̀ọ̀dá Lásísì wí, "bó bá dé ibí, kò ní sẹ́ni tí á máa bá a yí i. Ẹ̀yìn á dùn ún."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní ó dára púpọ̀. Ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi jáde lọ síbi kànga, tí mo ń wo inú rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan jábọ́ sí.

*Mo di ẹ̀gbọ́n*

Mo wá àléébù ní Kùmásì, n kò ní purọ́ fún yín. Òkè pọ̀ jù níbẹ̀; ènìyàn á gùn ún lọ sọ́jà, á tún gùn ún bọ̀, bí ẹni pé wọ́n ń yí ìlú náà padà lẹ́yìn èèyàn. Òtútù òwúrọ̀ wọn ń gé ni. Fùfú wọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gbágùúdá tí wọ́n gún pọ̀, inú ọbẹ̀ gan-an ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, á wà níbẹ̀ bí erékùṣù, wọn kì í sì í rún un lẹ́nu, gbígbé ni wọ́n ń gbé e mì. Mo rún tèmi lẹ́nu, àwọn ọmọ Máàmè sì ń pe ara wọn wá wò mí. Mo kó gbogbo èyí jọ sọ́kàn, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí a fi ń tú yìgì.

Lọ́jọ́ kan, Máàmè se oúnjẹ ìbejì fún mi láàárọ̀. Iṣu ni, ó gún un pẹ̀lú epo pupa, ó fi ẹyin odidi méjì lé e lórí. Bí mo ṣe ń jẹ ẹ́, ó bi mí, "Ta ló kọ́kọ́ jáde, ìwọ àbí òun?"

"Èmi ni."

Ó pàtẹ́wọ́. "Á à! Ìwọ ni Páńyìn! Ìwọ lẹ̀gbọ́n. Òun, Kákrá ni, àbúrò."

Mo ní rárá, Máàmè, nílé wa, ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ń rán èyí tó ṣíwájú. Máàmè rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn, òun ni ẹ̀gbọ́n, kí ló tún kù? Láti ọjọ́ náà gbogbo agboolé ń pè mí ní Páńyìn. Àwọn ọmọdé ń gba garawa lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ tèmi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ àkọ́bí kò lè mọ bó ṣe dùn tó. Láti ọjọ́ tí mo ti wà láyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni.

Máàmè kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Páńyìn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ ni, Páńyìn ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí Páńyìn bá ní Kákrá kò lọ, kò lọ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, ó sì ń jẹ mí nínú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé, bí mo bá dé ilé, kí ló ní kí n má sọ pé kò dára? Gbólóhùn kan ni. Ta ni yóò wọ bààlúù wá bi Máàmè léèrè? Mo tọ Bọ̀ọ̀dá Lásísì lọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti tú inú rédíò kan sílẹ̀ lórí tábìlì.

"Bọ̀ọ̀dá, bí mo bá ní kó má wá ńkọ́?"

Ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó òjé sílẹ̀. Mo rò pé yóò bẹ̀ mí, tàbí kó búra, tàbí kó ṣèlérí nǹkan. Ọkùnrin tó mọ ọ̀rọ̀ ọ́ sọ ì bá ti sọ èyí tó dùn.

"N ò mọ nǹkan tí màá ṣe, Táíwò," ó ní. "N ò tíì lè rò ó débẹ̀."

Ó tún gbé irin náà, ó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́, òjé náà sì bọ́ síbi tí kò yẹ. Ó tún gbé e kalẹ̀. Mo jókòó tì í níbẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà náà, ó sì bí mi nínú pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

*Àbọ̀*

Ọ̀dọ́bìnrin ọjọ́ yẹn náà ló wà nínú ọkọ̀ tó gbé mi kúrò ní Àkrá. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, kò dúró kí n béèrè, ó gbé ife tíì méjì síwájú mi. "Tìrẹ. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ."

Mo mu ọ̀kan. Èkejì wà níbẹ̀, ó ń mì nínú ife bí ọkọ̀ ti ń mì, títí ó fi tutù. N kò mọ ìdí tí n kò fi lè mu ún. Nígbà tó wá kó ife, ó bi mí bóyá kò dùn. Mo ní ó dùn.

Ní gbogbo ojú ọ̀nà láti Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ni mo ń to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ. Mo ní n óò fi òkè bẹ̀rẹ̀, n óò fi òtútù tẹ̀ lé e, n óò sọ̀rọ̀ fùfú tí wọn kì í rún lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni n óò sọ pé ilé jìnnà, pé òkun wà láàárín. Gbogbo rẹ̀ òtítọ́ ni. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ máṣíìnì. N kò ní sọ ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn.

Ilé kún. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá kí mi lọ́jọ́ náà, ẹ ṣeun. Ìyá gbá mi mọ́ra, ó fọwọ́ pa mí lórí dé ẹsẹ̀ bóyá mo pé. Kẹ́hìndé jókòó sórí ẹní, kò béèrè ohunkóhun, ó ń fún àlejò lómi. Ìgbà tí ilé dá, tó ku àwa mẹ́ta, ló tó sún mọ́ mi.

"Táíwò, ṣé ó dáa?"

Mo la ẹnu kí n sọ̀rọ̀ òkè. Ẹkún ló jáde. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, n kò lè mú un dákẹ́, ìyá ń bi mí pé, "Kí ló dé? Kí ni wọ́n ṣe fún ọ?" Kẹ́hìndé kò rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó ń wò mí, ó ń tẹ́tí. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó gbé àpótí rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, ó sì ṣí i.

"N ò tíì sọ nǹkan kan!" mo kígbe. "Kẹ́hìndé, n ò tíì sọ nǹkan kan!"

"O ti sọ ọ́," ó ní. Omi ti wà lójú òun náà. "Bó o ṣe sunkún lọ́jọ́ tá a dáyé nìyẹn. Ẹkún yẹn ni mo gbọ́ níbi tí mo wà, tí mo fi mọ̀ pé ó dáa, tí mo fi tẹ̀ lé ọ jáde."

Mo nu ojú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un nígbà náà: máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, Máàmè Akosúà, àtẹ̀gùn bààlúù, irin tí ọkọ rẹ̀ gbé tó tún gbé kalẹ̀. Ìyá fi ìborùn bojú. Lẹ́yìn náà, mo bá Kẹ́hìndé kó aṣọ wa sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ méjì-méjì, a sì ń yà wọ́n, ọ̀kan sínú àpótí rẹ̀, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ mi, títí kò fi sí èyí tó ní èkejì mọ́.